Kọ́bọ̀: Orírun Ọ̀rọ̀ Àyálò Kan àti Ọ̀nà tí Ìtumọ̀ Rẹ̀ Gbà Yí Padà

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò pọ̀ èyí tí ó rìn jìnnà tó kọ́bọ̀. Bí a bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ìdáhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé láti ara copper ni a ti rí i, ọ̀rọ̀ sì máa ń tán síbẹ̀. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n orírun ni ó sọ, kò sọ ìtumọ̀. Copper ni Òyìnbó ń pe bàbà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ tàbí níbòmíràn, tí yóò pe ìkòkò bàbà ní ìkòkò kọ́bọ̀. Ọkà bàbà ni a ń pe ọkà pupa, a kì í pè é ní ọkà kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ tí kọ́bọ̀ ti wọ inú èdè Yorùbá, owó ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí a fi rọ owó.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ètò ìṣirò owó tí kọ́bọ̀ bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń fún un ní ìtumọ̀, àti pé nígbà tí ètò náà yí padà ní 1973, orúkọ dúró ṣùgbọ́n iye yí. Ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ owó tí ó ti wà ṣáájú ọdún náà láìfi èyí sọ́kàn yóò ṣi owó kà. Èdè tí a gbé yẹ̀ wò ni èdè Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti ní àwọn ìlú agbègbè Afijio tí ó yí i ká, bí Fìdítì àti Ìlọrà. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni àwọn ìlú wọ̀nyí wà, ọ̀nà náà sì ní ohun tí yóò sọ nínú ìtàn yìí.

Ọ̀rọ̀ náà ní ilé tí ó ti wá

Copper jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àyálò ni òun náà. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan, cuprum, ni ó ti wá, cuprum fúnra rẹ̀ sì wá láti ara orúkọ erékùṣù Kípírù, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Cyprus, níbi tí àwọn ará Róòmù ti ń wa bàbà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń dàgbà ni ó ń ní ìtumọ̀ sí i. Ó jẹ́ bàbà. Ó jẹ́ ìkòkò ńlá tí a fi ń se aṣọ kí ó lè mọ́. Ó jẹ́ owó kékeré tí a fi bàbà rọ. Ó sì tún jẹ́ ọlọ́pàá. Nípa ti ọlọ́pàá yìí, àwọn kan a máa sọ pé nítorí bọ́tìnnì bàbà tí ó wà lára aṣọ wọn ni. Àwọn onímọ̀ èdè kò gbà bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, cop, tí ó túmọ̀ sí kí a gbá ènìyàn mú, ni wọ́n gbà pé ó bí i. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, tí ìró wọn kàn bára mu. Ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọlọ́pàá, láti ara ọ̀pá, kò fún ẹnikẹ́ni ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá yá nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èyí tí ó jẹ mọ́ owó. Ó sì yẹ kí a ṣàkíyèsí pé nígbà tí Yorùbá ń yá a, ìtumọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára bàbà ní ilé rẹ̀. Ní 1797 ni wọ́n kọ́kọ́ fi bàbà rọ pẹ́nì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé iṣẹ́ Matthew Boulton ní Soho, lẹ́bàá Birmingham. Ní 1860 wọ́n fi bàbà nìkan sílẹ̀, wọ́n sì ń po tánganran àti síńkì díẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dẹ́kun pípe pẹ́nì ní copper. Orúkọ ti kọ́ bí a ti ń gbé láìsí ohun tí ó bí i kí ó tó di pé ó wọ inú èdè Yorùbá.

Bí ó ṣe wọ èdè Yorùbá

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọmọ bíbí Yorùbá lè fẹ́ já a sí kó àti bọ̀, bí ẹni pé owó tí a kó bọ̀ láti ọjà ni. Fáwẹ̀lì kò jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. O ni ó wà nínú kó, ọ sì ni ó wà nínú sílébù kìn-ín-ní kọ́bọ̀. Kó bọ̀ kì í di kọ́bọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Fáwẹ̀lì kan náà ni ó ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára kòbókò tí a fi ń na ènìyàn, yàtọ̀ sí pé ohùn wọn pàápàá kò jọra.

Ohùn kọ́bọ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Sílébù tí Òyìnbó bá tẹnu mọ́ ni Yorùbá máa ń fún ní ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ sì máa ń bọ́ sórí sílébù ìparí, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú sílè, rọ́bà àti bébà. Ìró b ni ó gba àlàyé. Èdè Yorùbá kò ní p irú ti Òyìnbó. Èyí tí a ń kọ sílẹ̀ ní p jẹ́ àfàfàséfètèpè, àfàsé àti ètè ni a jọ fi ń pè é. Nítorí náà ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ p Òyìnbó ní ọ̀nà méjì: kí ó lo p Yorùbá, tàbí kí ó lo b, tí ó jẹ́ àfètèpè gidi bí ó tilẹ̀ jẹ́ akùnyùn. Kọ́bọ̀ gba ọ̀nà kejì, pẹ̀lú bébà láti ara paper àti kọ́ọ̀bù láti ara cup. Kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀ ni èyí, nítorí ẹ́pìnnì, ìdajì kọ́bọ̀, gba ọ̀nà kìn-ín-ní, kò sì sí ohun tí a lè fi dá a lẹ́bi.

Fáwẹ̀lì ìparí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìparí -er ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń di à ní èdè Yorùbá: rubber di rọ́bà, paper di bébà. Èéṣe tí copper kò fi di kọ́bà? Ó ṣeé ṣe kí fáwẹ̀lì kìn-ín-ní ti fa èkejì mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ó yẹ kí a wò. Nínú èdè Kirió ti Sierra Leone, ọ̀rọ̀ tí ó wá láti ara copper parí sí ọ, owó lápapọ̀ ni ó sì ń tọ́ka sí. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wá láti Freetown sí Èkó, Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Àwọn ni ó mọ owó Òyìnbó ná jù lọ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tí ó tẹ Freetown dó tilẹ̀ ti rọ owó tirẹ̀ láti 1791, pẹ́nì sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbà pé láti ẹnu àwọn Sàró ni Yorùbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, a ó rí ohun tí ó mú ọ̀ wá ní ìparí rẹ̀. Èrò ni èyí, ṣùgbọ́n ó fi ara jọ òótọ́ ju pé kí a ti gbọ́ ọ tààrà láti ẹnu Òyìnbó.

Àwọn kan a máa sọ pé Haúsá ni ó ni kọ́bọ̀, nítorí pé kwabo wà nínú èdè náà. Ẹ̀rí inú èdè Haúsá gan-an ni ó tako wọn. Bí Haúsá bá yá p láti ọwọ́ Òyìnbó, f ni ó sábà máa ń sọ ọ́ dà: fam ni wọ́n ń pe pọ́n-ùn, famfo ni ẹ̀rọ omi, fensir sì ni pẹ́ńsù. Bí kwabo bá jẹ́ ohun tí wọ́n gbà tààrà láti ara copper, f ni à bá retí láti bá nínú rẹ̀. Bí b ṣe wà níbẹ̀ ń fi hàn pé ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ gbà á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì jọ pé Yorùbá ni ẹni náà.

Kọ́bọ̀ láàárín owó ẹyọ

Kọ́bọ̀ kò bá èdè Yorùbá láìní ọ̀rọ̀ owó. Ìṣirò tí ó bá nílé jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó ẹyọ fi wọ inú orúkọ òǹkà fúnra rẹ̀: oókan ni owó kan, eéjì ni owó méjì, ẹẹ́ta ni owó mẹ́ta. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí owó ẹyọ àti owó Òyìnbó jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀, sílè márùn-ún ni ọ̀kẹ́ kan, sísì kan sì ni ẹgbàá. Bí a bá pín ẹgbàá sí ọ̀nà mẹ́fà, a ó rí i pé kọ́bọ̀ kan dúró fún ẹyọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ìdá mẹ́ta ẹyọ kan.

Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì nítorí ó ń fi hàn pé kọ́bọ̀ kì í ṣe owó kékeré nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Owó tí ó ju ọ̀ọ́dúnrún ẹyọ lọ kì í ṣe ohun tí a fi ń ra ata sísọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun tí kò tó nǹkan ṣì ní láti lo ẹyọ. Àwọn aláṣẹ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 1907 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó tí ó jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀, èyí tí Yorùbá ń pè ní ọ̀nínì, ẹ́pìnnì sì tẹ̀lé e ní 1911. Nígbà tí ọ̀nínì gba ipò ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ ẹyọ ni kọ́bọ̀ wá di ọmọ ilé láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ọ̀nínì, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, sílè, pọ́n-ùn.

Kọ́bọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn inú oko àti ìgbèríko kọ́kọ́ fi ojú rí kò sì pupa rárá. Èyí tí a rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1907 funfun, nítorí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ bàbà inú rẹ̀, ó sì ní ihò láàárín. Ìgbà tí ó di 1952 ni wọ́n tó fi irin pupa rọ ọ́. Kọ́bọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà rọ ní 1959 pupa pẹ̀lú, ihò rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ihò yẹn bá àṣà àtijọ́ mu, nítorí ó ṣeé sín sórí okùn bí ẹyọ. Nítorí náà, fún nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta, owó funfun ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ bàbà pè, kò sì sí ẹni tí ó rí i bí àṣìṣe, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ bàbà nínú orúkọ náà.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ọ̀nà mọ́tò tí a là láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ parí ní 1906, òun ni a sì kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ọ̀nà yìí àti owó oníhò. Ìlú tí ó bá wà lẹ́bàá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bí Jọ́bẹ̀lẹ̀, kò ní láti rin ìrìn àjò kí ó tó pàdé kọ́bọ̀. Èrò ọkọ̀ ni yóò gbé e wá bá ẹni tí ó gbé ọsàn àti ẹ̀kọ kalẹ̀. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ̀ ti ní ìtumọ̀ tí ìwé owó kò kọ sílẹ̀, ìyẹn ìtumọ̀ ìwọ̀n. Àkàrà kọ́bọ̀-kọ́bọ̀ ni àkàrà tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ọsàn mẹ́ta-mẹ́ta kọ́bọ̀ ni èyí tí a pín sí òkìtì mẹ́ta-mẹ́ta. Bí nǹkan bá wọ́n, kì í ṣe owó ni ìyá alákàrà kọ́kọ́ ń fi kún un. Àkàrà ni ó ń dín kù. Kọ́bọ̀ dúró, ohun tí kọ́bọ̀ rà ni ó ń súnkì.

Ọdún 1973

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, Nàìjíríà fi pọ́n-ùn, sílè àti pẹ́nì sílẹ̀. Náírà, orúkọ tí a mọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ẹni tí ó fà á yọ láti ara Nàìjíríà, rọ́pò pọ́n-ùn. Náírà méjì sì ni pọ́n-ùn kan. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ni a pín náírà kan sí. Náírà jẹ́ ọ̀rọ̀ titun tí gbogbo ènìyàn ní láti kọ́. Kọ́bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa rẹ̀ gan-an ni ó sì fa ìṣòro.

Tẹ́lẹ̀, kọ́bọ̀ méjìlá ni sílè kan. Lábẹ́ ètò titun, ohun tí ó jẹ́ sílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Kọ́bọ̀ titun fi ìdá márùn-ún ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn rí ewu yìí nígbà tí wọ́n yí owó tiwọn padà ní 1971: wọ́n kọ ọ́ sára owó náà pé pẹ́nì titun ni, wọn kò sì yọ ọ̀rọ̀ titun yẹn kúrò títí di 1982. Ní Ghana, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní 1965. Wọ́n mú orúkọ sídì láti ara ọ̀rọ̀ Akan tí ó túmọ̀ sí owó ẹyọ, wọ́n sì ṣe é kí pẹ́sẹ́wà kan bá pẹ́nì àtijọ́ kan dọ́gba gẹ́lẹ́. Ghana yí orúkọ padà, ó fi iye sílẹ̀. Nàìjíríà fi orúkọ sílẹ̀, ó yí iye padà. Tí a bá wò ó ní ti èdè, ọ̀nà Ghana ni ó rọrùn jù fún ẹni tí kò mọ̀wé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó yí ìdiwọ̀n náà padà ní 1967.

Kí a mú alájọ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí ó ń gba àjọ ojoojúmọ́ ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 1972. Oníbàárà rẹ̀ kan ń dá kọ́bọ̀ mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ti ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó kù jẹ́ ti oníbàárà. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni kọ́bọ̀ 180, ìyẹn sílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí oníbàárà bá wá gba owó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún titun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ titun 150, náírà kan àti ààbọ̀. Bí alájọ bá ka ohun tí ó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́, kọ́bọ̀ 180 ni yóò san. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ márùn-ún péré ni èrè tí ó jẹ lára oníbàárà yìí. Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè ni ó wà nínú ìwé, ẹni tí ó jẹ gbèsè ni yóò san àsanlé, láìsí pé ẹnikẹ́ni purọ́ tàbí jalè.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ti kọjá lọ pátápátá. Ìwé àdéhùn ilẹ̀, ìwé ìṣákọ́lẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ àti ìwé ìdána wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé. Èyí tí a kọ ní àmì pọ́n-ùn àti sílè kò léwu, nítorí àmì rẹ̀ ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń kà á. Èyí tí a kọ ní Yorùbá, tí kò sí nínú rẹ̀ ju kọ́bọ̀ lọ, ni ó léwu. Òǹkàwé òde òní yóò rò pé òun mọ ohun tí ó ń kà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń tún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ jáde máa fi ọdún rẹ̀ hàn kedere, kí ó sì sọ èwo nínú kọ́bọ̀ méjèèjì ni ó wà níbẹ̀. Ṣáájú kí a tó béèrè iye, ọdún ni ó yẹ kí a béèrè.

Ohun tí àwọn ènìyàn ṣe ní ọjà yàtọ̀ sí ohun tí ìjọba rò. Wọn kò fi sílè sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di orúkọ kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Sísì di orúkọ kọ́bọ̀ márùn-ún, pọ́n-ùn sì di náírà méjì. Nípa báyìí sísì, tí ó wá láti ara ẹẹ́fà àwọn Òyìnbó, di márùn-ún ní ọjà Yorùbá; tọ́rọ́, tí ó wá láti ara ẹẹ́ta, kò sì ju kọ́bọ̀ méjì àti ààbọ̀ lọ. Àwọn tí ń ta ọjà kò ṣi nǹkan kan ṣe. Iye ni wọ́n dì mú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ owó àtijọ́, kọ́bọ̀ nìkan ni iye rẹ̀ yẹ̀, òun nìkan sì ni ìjọba fọwọ́ sí.

Ọdún 1973 kan náà, ní oṣù karùn-ún, ni a dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, láti ara rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọlé, kọ́pà, láti ara corps. Nínú ìró, kọ́pà ni ohun tí à bá retí pé kí copper dà bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá a lónìí: p dúró, -er di à. Bí a bá gbé kọ́bọ̀ àti kọ́pà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí bí etí Yorùbá ti yí padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìgbà tí a gba ọ̀rọ̀ kan àti ìgbà tí a gba èkejì.

Ohun tí ó kù

Kọ́bọ̀ 1973 kò ní ihò mọ́. Ní 1991 a rọ òmíràn, irin tí a fi bàbà bò lójú lásán. Ní 2007 a rọ àádọ́ta kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí i ní ọjà. Nínú ìwé ìṣirò, k ṣì ní òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà, òdo méjì ni a sì sábà máa ń kọ sínú rẹ̀.

Lẹ́nu àwọn ènìyàn, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lágbára jù lónìí ni inú gbólóhùn àyísódì: kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò kúrò níbẹ̀. Bí a bá mú àyísódì kúrò, ìtumọ̀ náà yóò kúrò pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a bá sọ pé ó ní kọ́bọ̀ kò tíì di ẹni tí ó ní owó. Ọ̀nínì ti gba ipò yìí rí, nígbà tí òun ni ó kéré jù. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí kọ́bọ̀ ti kúrò ní ọjà, tí kò fi ojú kàn án rí, ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ pé òun kò ní kọ́bọ̀, ìyá náà sì mọ ohun tí ó ń béèrè.